Lẹ́tà Sí Màmá Lórí Owó Tó Pẹ́ Àti Ẹrù Tí N Kò Fi Sílẹ̀

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, títí kan èyí tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti pa á. Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Owó ilé-ìwé àbúrò mi ń bọ̀. N kò gbàgbé, n kò sì ná an.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló dùn mí: "Kí ló dé tí kò lè ju ẹrù tó ń fi ọkọ̀ gbé lọ sílé àwọn tó rà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn kó máa lọ, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe?" Òun ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹ̀yin dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè máa sọ lórí fóònù láàárín ilé kan sí èkejì.

Iye ẹrù tí mo bá jíṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi, kì í ṣe iye wákàtí tí mo fi ṣe é. Èyí tí mo bá gbé padà, kò sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ epo ọkọ̀ ti jó. Fóònù ló ń darí mi láti ilé dé ilé, ó sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, mo máa kan ilẹ̀kùn, mo máa fi fóònù ka kóòdù ara páálí, mo máa ya fọ́tò. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ni ẹrù máa ń buwọ́ lùwé pé àwọn ti gbà á. Láti ìgbà àrùn kòrónà lọ́dún 2020 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti fi fọ́tò rọ́pò ìyẹn. Fọ́tò náà máa ń fi hàn pé mo gbé e síbẹ̀. Kì í fi ẹni tó gbé e kúrò hàn.

Ọ̀sán ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán náà ni àwọn tó ni ẹrù wà níbi iṣẹ́ tiwọn. Ilé mìíràn wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì gan-an, kò sí ọgbà, kò sí géètì. Bí mo bá gbé páálí síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló máa rí i, wọ́n á sì mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé. Àwọn kan á ní kí n fi sínú ike ìdọ̀tí. Bí àwọn akólẹ̀ bá dé ṣáájú onílé, ó ti bá ilẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní kí n gbé e fún aládùúgbò. Aládùúgbò mìíràn kì í ṣílẹ̀kùn fún àjèjì, òmíràn sì ti ń bá ẹni tó ni ẹrù jà kí èmi tó dé.

Ilé alájà gíga ló burú jù. Ẹnì kan á tẹ bọ́tìnnì láti òkè, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ á ṣí, kò ní sọ ẹni tí òun jẹ́. Bí mo bá kó ẹrù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e, ọ̀nà tí àwọn ará ilé máa sá gbà bí iná bá sọ ni mo sì dí yẹn. Ilẹ̀kùn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìta ló ń ṣí sí. Bí mo bá gbé páálí tó wúwo tì í, tí àgbàlagbà kan sì wà nínú ilé, báwo ló ṣe fẹ́ jáde? Ẹ̀gbọ́n mi kò rí èyí rí, n kò sì bá a jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó pè mí ní ọ̀lẹ, kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Òfin wà níbí o. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe nílùú Ọba lọ́dún 2015 sọ pé ọrùn òǹtajà ni ọjà ṣì wà títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tàbí ọwọ́ ẹni tí olùrà fúnra rẹ̀ yàn láti bá a gbà á. Bí olè bá gbé e lẹ́nu ọ̀nà, òǹtajà ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òǹtajà á yíjú sí ilé-iṣẹ́ tó kẹ́rù, ilé-iṣẹ́ á yẹ inú ẹ̀rọ wò, orúkọ mi ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Wọn kì í wádìí. Wọ́n kàn ń kà á ni, bí ó bá sì ti pọ̀, wọn ò ní fún ọ níṣẹ́ mọ́. Èyí tí a bá gbé padà náà, wọ́n ń kà á sí wa lọ́rùn. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí wé, tó ń ju ẹrù káàkiri, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá onítọ̀hún ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Màmá, kì í ṣe pé n kì í fi ẹrù sílẹ̀ rárá. Bí ẹni tó ni ín bá kọ ibi tí òun fẹ́ síbẹ̀, tí ojú títì kò sì tó ibẹ̀, mo ń fi síbẹ̀. Aṣọ, ìwé, lábẹ́ òrùlé tó ṣíji bò ó, mo ń fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ńkọ́? Fóònù tí páálí rẹ̀ ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Láìpẹ́ yìí mo gbé oògùn dé ilé kan, mo kan ilẹ̀kùn títí, mo pe nọ́ńbà wọn, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn tí n kò mọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Fóònù tó ń darí mi ní kí n fi oògùn náà sílẹ̀, mo gbé e padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, mo tún wakọ̀ padà lọ. Obìnrin kan ló jáde, ó gbà á, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó san epo yẹn fún mi. Irú epo bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tó jẹ́ kí owó yín dín kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò sọ fún yín rí. Ìgbà kan wà tí mo ṣe bí fóònù ṣe wí, mo fi ẹrù sílẹ̀, olè sì gbé e. Nígbà tí mo tún gba àdúgbò náà kọjá, ọkùnrin tó ni ẹrù dá mi dúró, ó na fọ́tò tí èmi fúnra mi yà sí mi lójú, ó ní kí n sọ ibi tí mo gbé ẹrù òun sí. Ojú tó fi wò mí, ojú olè ni. Àjèjì ni mí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ tó máa gbà gbọ́? Ẹ̀yin mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Òun kò mọ̀. Owó tí mo ń pàdánù lórí ẹrù tí mo gbé padà, mo fara mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má baà tún wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pe ìyẹn ní ọ̀lẹ, kí ó máa pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ ọ́ létí àbúrò mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa sanwó. Ọjọ́ náà gan-an ni màá fi ránṣẹ́. Kò ní pé iye tí a jọ sọ, èyí tó kù á tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ilé-ìwé ló sọ lóòótọ́ pé àwọn máa lé ọmọ náà padà sílé, àbí ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ yá owó èlé lórúkọ mi. Bí wọ́n bá ti yá a, ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Èmi ni,
Ọmọ yín.