Ìràwọ̀ Tí Ẹ Gbé Dorí Kodò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ohun tí ẹ kọ nípa ìràwọ̀ Betelgeuse dùn mọ́ mi, àmọ́ àwòrán ìlà (graph) ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dorí kodò. Ẹ ní ìràwọ̀ náà ṣókùnkùn gidi ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ìlà tí ẹ fà wá ń gòkè bí ẹni ń pọ́n òkè Olúmọ. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìwé yín wá sí kíláàsì, ó ní, "Sà, èwo ni ká gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ ni àbí àwòrán?"

Nọ́ńbà magnitude tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, bí ipò nínú ìdánwò ló rí. Ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní ló mọ̀wé ju ẹni tó ṣe ipò kẹfà lọ. Bí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe pín in nìyẹn: èyí tó mọ́lẹ̀ jù, ipò kìn-ín-ní, èyí tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ipò kẹfà. Ní 1856, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tó jáde nílùú wa yìí, Norman Pogson, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò dè é: ti ipò kìn-ín-ní mọ́lẹ̀ tó ti ipò kẹfà ní ìlọ́po 100. Ìràwọ̀ Sirius tilẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ó ré kọjá òdo, -1.46 ni tirẹ̀.

Betelgeuse kúrò ní nǹkan bí 0.5, ó bọ́ sí nǹkan bí 1.6. Nọ́ńbà ń pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dín. Èyí tó ṣẹ́kù kò tó ìdajì. Nọ́ńbà kékeré ló yẹ kó wà lókè. Mo fura pé kọ̀ǹpútà ló tàn yín, torí Excel á máa to kékeré sísàlẹ̀ àfi tí a bá ní kó yí i. (Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, níwájú kíláàsì.)

Kí ẹ má wá yí gbogbo àwòrán ìràwọ̀ o! Èyí tó jẹ́ iye ìmọ́lẹ̀ gan-an tó wọ inú ẹ̀rọ, bíi ti Kepler, ẹ̀rọ awòràwọ̀ inú òfuurufú tí Amẹ́ríkà fi wá plánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ńlá ló ń wà lókè níbẹ̀. Ẹ ṣáà kọ èyí tí ẹ lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Nọ́ńbà lásán ni tiyín, kò lórúkọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un tẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọ ti dorí rẹ̀ kodò lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sípò, àmọ́ 2020 ti wá ṣáájú 2019.

Olùkọ́ físíìsì kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.