Ẹ San Owó Télọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ Aṣọ Ìdúpẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ó ń dùn mí dé egungun. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ kan ládùúgbò wa ní Gáà Àkàǹbí, nílùú Ìlọrin, ṣe ìkórè. Aṣọ tuntun ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n jó jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó rán aṣọ náà kọjá, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì san owó rẹ̀ tán.

Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ni mo ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi ló fara ti ti télọ̀ yìí, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Mùsùlùmí ni. Aṣọ ènìyàn 24 ni wọ́n kó fún un, ₦6,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦144,000. Wọ́n san ₦60,000 sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ra òwú tó fi rán an. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkórè, iná kò sí. Pẹ́tírólù ló ń rà sínú jẹnẹrétọ̀, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì kì í sì í kúrò nídìí máṣíìnì títí di aago méjìlá òru. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n wá kó aṣọ. Wọ́n ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè tán, Mọ́ńdè la ó kó ìyókù wá." Ó kó aṣọ fún wọn.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti san owó wọn pé o. Méjì nínú wọn jẹ́ oníbàárà mi, mo sì bi wọ́n léèrè. Owó ìránṣọ ti pé lọ́wọ́ àwọn olóyè ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gé aṣọ rárá. Òun ni wọ́n fi háyà kánópì àti onílù.

Mo ń ti ìjọ tiwa bọ̀ nígbà tí mo bá wọn pàdé lójú títì. Télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo ọrùn bùbá wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ń wò ó bóyá ó jókòó dáadáa. Obìnrin kan ya kúrò láàárín wọn, ó fi ìwé ìléwọ́ ìwàásù kan lé e lọ́wọ́, ó ní, "Àlàájì, Jésù fẹ́ràn yín o!" Ó sì jó lọ.

Mọ́ńdè dé, a ò rí ẹnikẹ́ni. Ní Túsìdeè, télọ̀ pè mí, ó fi ìwé ìléwọ́ náà hàn mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ṣe ìṣirò: ₦144,000, ó yọ ₦60,000, ó ku ₦84,000. Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Tóbi, tí mo bá tún lọ béèrè, ṣé wọn ò ní sọ pé torí ẹ̀sìn ni mo ṣe ń dà wọ́n láàmú?"

Olóòtú, n kò rí èsì fọ̀. Ó ní Ànábì àwọn ti sọ pé kí a sanwó fún alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Nígbà tí mo délé, mo ṣí Bíbélì tèmi sí Léfítíkù 19:13. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀: owó ọ̀yà alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ wa di òwúrọ̀. Ojú tì mí. Òun mọ ohun tí ìwé tirẹ̀ wí, ó sì ń tẹ̀ lé e fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ní àṣẹ yìí lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ Kírísítẹ́nì ní Áńtíókù, aṣọ tí a jẹ gbèsè lé lórí la wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run.

Kì í ṣe ìjọ yẹn nìkan. Ìjọ tèmi náà jẹ oníkánópì ní gbèsè nígbà kan, títí tó fi wá fi ìbínú dúró sẹ́nu géètì wa láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn.

Ìlú tí a ń gbé nìyí. Ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa láéláé, wọn kò sì ní ṣí Bíbélì wa. Ìwà wa ní ṣọ́ọ̀bù, lórí ọ̀kadà àti ní ọjà Ìpàtà ni wọ́n ń kà. Àwa tí a wá láti gúúsù Kwara tún mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, Àlàájì ni, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Kí ni kí n sọ fún un tó bá gbọ́ irú èyí?

Odò-Ọwá, ní Kwara níbí, ni wọ́n ti bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ́dún 1904. A máa ń fi yangàn, a sì máa ń sọ̀rọ̀ ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930 bí ẹni pé àná ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ni ìpè ti bá a lọ́dún 1928, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì. Òṣìṣẹ́ ni. Báwo la ṣe ń yangàn pẹ̀lú òṣìṣẹ́, tí a tún ń jẹ òṣìṣẹ́ ní gbèsè?

Àwọn olórí ìjọ ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wọn kì í gbàgbé láti ka orúkọ ẹni tí kò tíì san owó ìkórè, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n béèrè lórí pẹpẹ pé ta ni ìjọ jẹ ní gbèsè ládùúgbò. Ìwà kan náà ni àwọn kan nínú ọmọ ìjọ ń bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n á fi Bíbélì búra tán, tí wọ́n á sì jókòó lórí fáìlì owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ ṣe nìyí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ mú rísíìtì wá fún ìgbìmọ̀ ìjọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀: ti télọ̀, ti onílù, ti olóúnjẹ, ti oníkánópì. Kí ẹni tó ṣiṣẹ́ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ akápò ni yóò kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó tẹ̀ka. Kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, kí alàgbà kan sì pè é kí ó bi í pé, "Ṣé wọ́n ti san gbogbo owó yín?" Tí kò bá tíì pé, kí ìjọ yá ẹgbẹ́ lówó láti inú àpótí, kí wọ́n san án padà díẹ̀díẹ̀. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ti ní wá jó. Wọ́n á ní yóò dójú ti ẹgbẹ́. Ojú télọ̀ ńkọ́, tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń jó kọjá? Sákéù, agbowó òde inú Bíbélì, kò ṣe àpèjẹ ìdúpẹ́ kó tó ronú kan gbèsè. Ó ní ohun tí òun bá fi èké gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

 

Títí di àárọ̀ òní, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ₦84,000 yẹn ṣì wà nílẹ̀. Mo ti sọ fún télọ̀ pé kó má dá lọ béèrè mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti òun la jọ ń lọ sọ́dọ̀ alàgbà ìjọ náà, ìwé ìléwọ́ yẹn la ó sì mú dání.

Èmi ni,
Ìyá oníbọ́tìnnì,
Gáà Àkàǹbí, Ìlọrin.