Torvill àti Dean kì í ṣe tọkọtaya o

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ pe Jayne Torvill àti Christopher Dean, àwọn oníjó orí yìnyín ọmọ Nottingham, ní "tọkọtaya". Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní bá yín jà, torí èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí sọ rí, tèmi tilẹ̀ burú ju tiyín lọ.

Ní February 14, 1984, Nottingham ni mo wà, mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi àti ìyá òyìnbó tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ jọ jókòó síwájú tẹlifíṣàn, à ń wo Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù láti Sarajevo. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ àlùkò, wọ́n kúnlẹ̀. Orin Boléro ti Ravel bẹ̀rẹ̀, wọn ò dìde. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n ni? Àṣé ọgbọ́n ni! Orin wọn gba ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 28, òfin ò sì gbà ju ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 10 lọ. Láyé ìgbà yẹn, ìgbà tí irin abẹ́ bàtà bá kan yìnyín ni aago tó ń kà, ni wọ́n bá fi orúnkún jó àáyá tó lé. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣubú lulẹ̀ gbalaja bí ẹni tó kú. Adájọ́ 9 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló fún wọn ní 6.0 lórí ẹwà ijó, máàkì tí kò sí èyí tó jù ú lọ nígbà náà.

Mo ní, "Ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ o!" Màmá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Olùkọ́ wọn, Janet Sawbridge, ló so wọ́n pọ̀ ní 1975, kì í ṣe alárinà. Ọlọ́pàá ni Dean, akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni Torvill. Àkókò tí iṣẹ́ bá fi wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ijó, àfi ìgbà tí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, tí káńsù ìlú Nottingham sì fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti 1981 dé 1984, ọdọọdún ni wọ́n ń gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Wọ́n padà sí Òlíḿpíìkì ní 1994, ipò kẹta ni wọ́n fún wọn. N ò tíì dárí ji àwọn adájọ́ yẹn títí dòní.

Ní ti ìgbéyàwó, ọkọ Torvill ń jẹ́ Phil Christensen. Dean fẹ́ Isabelle Duchesnay rí, oníjó yìnyín fún Faransé, ẹni tó jẹ́ pé Paul, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ń bá a jó! Ẹ ò rí i pé kéèyàn di ọwọ́ ara wọn mú lórí yìnyín ò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ẹ bá mi yọ "tọkọtaya" yẹn kúrò nínú èyí tó ń bọ̀, ẹ fi "alábàájó" rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.