"Thou" Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀

Sí Olóòtú,

Níbi ìwúyè kan tí mo lọ lágbègbè Òmù-Àrán láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ìwé ìkíni káàbọ̀ fún Kábíyèsí lédè Gẹ̀ẹ́sì, "thou" àti "thy" ló sì fi ń pe orí adé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àtẹ́wọ́ ròkè lálá. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tó fi yan ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn, ó ní "you" tí òun fi ń bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ kò yẹ ọba. Èrò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tó ní lọ́kàn ló sọ: bó bá jẹ́ pé Yorùbá ló fi kà á ni, "ìwọ" ni ì bá máa pe Kábíyèsí lójú gbogbo ìjòyè.

Láyé àtijọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "thou", bí wọ́n bá ti pọ̀, wọ́n di "ye" tàbí "you". Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy tó ń sọ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, àṣà Faransé wọlé, nígbà tó sì fi máa di ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn pe ẹni ńlá kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi "ẹ̀yin" pe àgbà. (Ẹ fi ti àwọn aládùúgbò wa Èkìtì sílẹ̀ ná, àwọn tó lè pe bàbá wọn ní ìwọ nínú ẹ̀ka èdè wọn láìsí àfojúdi kankan.) Bí "thou" ṣe di ti ọmọdé, ti ìránṣẹ́, ti ọ̀rẹ́ àtàtà, àti ti ẹni tí a bá fẹ́ bú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ ọ̀tẹ̀ fún Sir Walter Raleigh ní 1603, Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, sọ ọ́ sí i lójú pé "thou" lòun ń pè é, nítorí ọ̀dàlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lu àwọn ọmọ ìjọ Quaker nítorí pé wọ́n ń pe olówó àti tálákà ní "thou" láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Yorùbá wo ni kò ní mọ ohun tó fa ìbínú náà?

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ló ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, torí pé "thou" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "thou" kan náà ni wọ́n pe Fáráò àti ejò inú ọgbà Édẹ́nì, nítorí pé iye ni àwọn atúmọ̀ náà ń wò, wọn kò wo ipò. Tiwa náà kò yàtọ̀. Kìrìsìtẹ́nì ń pe Ọlọ́run ní "ìwọ", Mùsùlùmí Ìlọrin náà ń sọ pé "Ìwọ nìkan ni à ń sìn", torí ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run; síbẹ̀ kò sí èyí tó máa délé nínú wọn kó pe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì ọmọ náà ni "thou hath". "Thou hast" ló yẹ kó jẹ́. "Hath" wà fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. "Ye" tí wọ́n sì máa ń kọ sára pátákó ìsọ̀ láti fi hàn pé ó ti pẹ́, kì í ṣe "ẹ̀yin" rárá: "the" ni, lẹ́tà àtijọ́ kan tí àwọn òǹtẹ̀wé kò ní ni wọ́n fi "y" rọ́pò.

Mo ní kí ọmọ náà jẹ́ kí n bá òun tún ìwé náà kọ. Ó ní wọ́n ti fi férémù sí i, ó sì ti wà lára ògiri ààfin.

Èmi ni,
Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.