Kí ló tún lè fà á? Lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń wọ iṣẹ́ ìwádìí

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé wọ́n ti gbà ọ́ sí yàrá ìwádìí. O ní o ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni wàá gbájú mọ́ tàbí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn. Má jẹ́ kí ìyẹn gba oorun lójú rẹ. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá: kí ló tún lè fà á? Kí èsì tó jáde ni kó o máa bi ara rẹ, nítorí tí èsì tó wù ọ́ bá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ọkàn rẹ kò ní fẹ́ gbọ́ ìbéèrè náà mọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Tí aláìsàn bá lo oògùn tí ara rẹ̀ sì yá, ó lè jẹ́ oògùn náà. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn náà ti ń lọ fúnra rẹ̀, tàbí pé àwọn tí àìsàn wọn kò le jù nìkan ni dókítà fún ní oògùn. Ìfiwéra ló ń já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi, mú atukọ̀ 12 tí scurvy, àìsàn tí àìtó fítámì C máa ń fà, ń bá jà, ó pín wọn ní méjì méjì, ó fún wọn ní oúnjẹ kan náà, ṣùgbọ́n ó fún méjì méjì kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tiwọn. Àwọn méjì tó ń jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́nù ló kọ́kọ́ gbádùn. Ká ní gbogbo wọn ló fún ní ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀ ni, ara wọn ìbá yá, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó wò wọ́n.

Lind fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tó gba kí ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Gègé ló yẹ kí a ṣẹ́. Ìwádìí lórí streptomycin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1948, ni kó o fi ṣe àpẹẹrẹ. Aláìsàn 107 ni wọ́n: 55 gba oògùn pẹ̀lú ìsinmi lórí ibùsùn, 52 sinmi lásán. Inú àpò ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí wà, àwọn tó sì ka fọ́tò àyà wọn kò mọ ẹni tó gba oògùn. Láàárín oṣù mẹ́fà, 4 ló kú nínú àwọn tó gba oògùn, 14 nínú àwọn yòókù. Má fojú kékeré wo àpò ìwé tí a lẹ̀ pa yẹn o. Dókítà tó bá ti mọ̀ pé oògùn ló kàn, ẹni tó wù ú kó yè ni yóò mú wá. Àánú ló ń ṣe é, kì í ṣe èké, ṣùgbọ́n àánú yẹn ti ba ìfiwéra jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì lo yàn, àwo pẹlẹbẹ oníhò 96 ni wàá máa lò lójoojúmọ́, ìlà 8 lọ́nà 12. Wò ó dáadáa. Ihò 36 ló wà létí, 60 ló wà láàárín. Tó o bá gbé e sínú àpótí tó ń móoru ní 37°C di ọjọ́ kejì, omi inú àwọn ihò etí á tètè fẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á ki, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á sì máa ṣàìsàn. Tó o bá wá to gbogbo àwọn tí kò gba oògùn sí òpó àkọ́kọ́ létí, tó o sì to àwọn tó gba oògùn sí àárín, wàá rí i pé oògùn rẹ “ń dáàbò bo” sẹ́ẹ̀lì. Irọ́ ni, ibi tó o to wọ́n sí ló ń sọ̀rọ̀. Omi lásán ni kó o bu sí ihò etí, kó o fi 60 tó kù ṣiṣẹ́, kó o sì ṣẹ́ gègé fún ihò kọ̀ọ̀kan.

Kó o tó dé ìdí àwo yẹn pàápàá, dán pípẹ́ẹ̀tì rẹ, ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, wò. Yí i sí 100 máíkírólítà, gbé ife kékeré sórí òṣùwọ̀n, dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, kó o wá ta omi sínú rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kó o máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 0.1 ló yẹ kó jẹ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 0.094 ni gbogbo ìgbà, ẹ̀rọ náà ń jẹ ọ́ ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún; ó nílò àtúnṣe. Tó bá jẹ́ 0.094, lẹ́yìn náà 0.103, lẹ́yìn náà 0.097, ọwọ́ rẹ ló ń yẹ̀: o ń yára fa omi jù, tàbí ẹnu onírọ́bà rẹ̀ kò wọlé dáadáa.

Máa yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wò lóṣooṣù fún mycoplasma, bakitéríà kékeré kan tó máa ń wọ inú ìgò sẹ́ẹ̀lì. Kì í mú kí omi wọn rú, maikirosíkópù lásán kò lè fi hàn ọ́, penicillin kò sì ràn án, nítorí ohun tí penicillin ń bà jẹ́ lára bakitéríà ni ògiri ara rẹ̀, mycoplasma kò sì ní ògiri. Kó o sì rí i dájú pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ sára ìgò ló wà nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n gbà lára Henrietta Lacks ní 1951, máa ń yára pọ̀ débi pé ẹ̀kán kan tó bá ta sí ìgò mìíràn lè gba ibẹ̀. Ní 1966, onímọ̀ jíìnì kan, Stanley Gartler, fi hàn pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ènìyàn rò pé ó yàtọ̀ síra, HeLa ni gbogbo wọn. Àyẹ̀wò DNA ni kó o fi mọ tìrẹ kó o tó lo oṣù kan lórí rẹ̀.

Má rò pé ẹ̀yin oníṣègùn nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ní 2011, àwọn onífísíìsì kan kéde pé neutrino, èérún tín-ín-tìn-ìn-tín, tí wọ́n rán láti CERN, ibùdó ìwádìí kan ní Switzerland, lọ sí Gran Sasso ní Ítálì fi nǹkan bí 60 nánósẹ́kọ́ńdì yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Wáyà kan tí wọn kò so le dáadáa ni olórí ohun tó fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn síta, wọ́n ní kí ayé bá àwọn wá àṣìṣe náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì rí i.

Ọ̀rọ̀ iye kù. Ká ní ìyàtọ̀ tí ò ń wá jẹ́ ìlàjì bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń yàtọ̀ síra wọn lásán, tó o sì fẹ́ rí i ní ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wàá nílò nǹkan bí 64 ènìyàn ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ìdá márùn-ún wọn kan bá máa fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, 80 ni kó o mú. Ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá kò lè dá ọ lóhùn, bó ti wù kó o ṣe ìṣirò rẹ̀ tó. Kọ ohun kan ṣoṣo tó o fẹ́ wọ̀n ní pàtàkì sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí tó o bá dán ohun 20 wò lórí òdiwọ̀n 0.05, ìyẹn kó o gbà kí èsì asán tàn ọ́ ní ìgbà 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà méjì nínú mẹ́ta tí ọ̀kan ó kéré tán á jáde bí èsì gidi. Tí ẹ bá sì ń lo Excel lórí kọ̀ǹpútà, ṣọ́ orúkọ jíìnì. SEPT2 a máa di ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, débi pé wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí SEPTIN2.

Tó bá jẹ́ aláìsàn lo yàn, ohun tó kan aláìsàn ni kó o wọ̀n. Oògùn méjì kan, encainide àti flecainide, dá ìlù ọkàn tó ń ṣe ségesège dúró lára àwọn tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí, gbogbo ènìyàn sì gbà pé wọn ò ní tètè kú mọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé hóró oògùn tí kò ní nǹkan nínú, àwọn tó ń gba oògùn ló ń kú jù, ni wọ́n bá dá apá ìwádìí náà dúró ní 1989. Ohun tó hàn lórí ẹ̀rọ ti dára, àwọn ènìyàn ń kú. Kò yẹ kó o gbàgbé èyí láéláé, ọmọ mi.

Kó o tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣàlàyé fún un ní èdè tó ń sọ nílé, kó o sì ní kó tún un sọ fún ọ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Tí kò bá lè sọ pé òun lè jáwọ́ nígbàkígbà láìsí ìyà, kò tíì gbà. Ìbuwọ́lùwé nìkan kò tó.

Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, yíǹkì ni kó o fi kọ ọ́, pẹ̀lú déètì. Má fa ojú ewé ya. Ìlà kan ni kó o fà gba orí àṣìṣe, kó ṣì ṣeé kà. Kọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò kẹ́míkà pẹ̀lú, nítorí ìgò tuntun lè yí èsì padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Tí èsì tó dùn mọ́ ọ bá wá jáde, gbé ìwé náà fún ẹni tó máa ń bá ọ jiyàn jù nínú yàrá yẹn, kó fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìwọ dákẹ́ kó o máa wò ó. Ibi tó bá ti dúró tó ń wojú rẹ, ohun tí o kò kọ sílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ