Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Kí Èsì Ìwádìí Padà Sọ́dọ̀ Àwa Tí Wọ́n Wádìí

Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwa tí ń tún tẹlifíṣọ̀n, fáànù, lápútọ́ọ̀pù àti iná sólà ṣe, Kubwa
Sí: Alága àti àwọn Kánsẹ́lọ̀, Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari, Abuja

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Yorùbá ni a fi ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ wa, òun náà la fi kọ ìwé yìí, kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i lè mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Ẹ̀dà rẹ̀ ní Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló gbé wa wá. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan àti àwọn àlejò wọn láti òkè òkun wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn jọ ń ṣe ìwádìí lórí ètò ọrọ̀ ajé àlòtúnlò: pé ohun tí ènìyàn rà kò gbọdọ̀ yára dé ààtàn, kí a tún un ṣe, kí ẹlòmíràn tún un lò, bó bá sì kú pátápátá, kí a tú u palẹ̀, kí a lo ohun inú rẹ̀. Inú wa dùn, nítorí iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ń ṣàlàyé fún wa yẹn. A pa iṣẹ́ tì fún ọjọ́ mẹ́rin, a jókòó tì wọ́n. Wọ́n wọn òkú bọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọṣẹ́ 11 láti mọ̀ bóyá òjé, irin tó jẹ́ májèlé, ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀. Títí di òní, a kò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣì máa ń dá akọ̀wé wa dúró lọ́jà pé, “Kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?” Akọ̀wé wa kò mọ ohun tí yóò sọ fún un.

Ní Òkè Ọya níbí, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé òjé fún ènìyàn. Ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara. Lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, òjé wà nínú rẹ̀. Òjé ló kún inú bátìrì ńlá tí a ń tú jáde lára ìnfátà. Ọwọ́ tí ọmọṣẹ́ fi di lẹ́ẹ̀dì mú láti àárọ̀ náà ló fi ń jẹun ọ̀sán, bí kò bá sí ẹni tó rán an létí kí ó fọ̀ ọ́. Ẹ wo ìdí tí ìbéèrè ìyá yẹn kò fi kúrò lọ́kàn wa.

Ẹ má rò pé a kórìíra ìwádìí. Ní 2015 àti 2016, ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn) fún Áfíríkà tó wà ní Ìbàdàn àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pawọ́ pọ̀ ka ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Èkó wọlé. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n bá lọ́dún kọ̀ọ̀kan, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Ìwádìí yẹn ṣe wá láǹfààní, nítorí ó fi hàn gbangba pé òkú ti wà nínú ẹrù kí ó tó kan àwa. Ṣùgbọ́n èbúté ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ohun tí a ń jí dìde ní Kubwa kò sí nínú ìwọ̀n yẹn.

Iye rẹ̀ kò kéré. Fáànù tí kò yí mọ́, kapásítọ̀ kékeré kan ló sábà máa ń fẹ́. Bí kọ́ìlì rẹ̀ bá ti jó, a ó tún wáyà bàbà wé e. Tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán, àwọn gílóòbù wínníwínní tó wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bátìrì lápútọ́ọ̀pù tí oníbàárà ti fẹ́ sọ nù, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi mítà wọ̀n wọ́n, nígbà mìíràn, ọ̀kan tàbí méjì péré ló kú. Àwọn tó kù di iná sólà fún ìyá alákàrà tó ń dáná lálẹ́. Ọmọ ogún ọdún tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pẹ̀lú mítà kan, áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì kan àti tábìlì kan.

Ìdààmú wa ni èyí tí kò ṣe é jí mọ́. Àwọn baban bola, ìyẹn àwọn tó ń ṣa àlòkù irin kiri, a máa ra wáyà, wọn a dáná sun ún kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀, èéfín dúdú a sì bo àdúgbò. A kò dá wọn lẹ́bi. Ibi tó dára ju ìyẹn lọ ni a kò tíì fi hàn wọ́n. Òkú bọ́ọ̀dù àti bátìrì ló ń kún abẹ́ tábìlì wa, àwọn ọmọṣẹ́ sì ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2011 lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní kí ẹni tó ṣe é àti ẹni tó kó o wọlé gbé nínú ẹrù kíkó o jọ. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó wá kó ohunkóhun lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà la ṣe ń bẹ̀ yín. Ìwé ìyọ̀ǹda yín ni àwọn olùwádìí máa ń mú dání kí wọ́n tó wọ ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé náà mọ́ àfi tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun yóò mú èsì padà wá láàárín àkókò tí ẹ bá dá fún un, ní Yorùbá, Hausa àti Igbo, àti pé èsì ẹ̀jẹ̀ yóò dé ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú dókítà tí yóò túmọ̀ rẹ̀. A tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ wa jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí, kì í ṣe kí a kàn máa dáhùn ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi wá, à bá ní kí wọ́n wá bí a ṣe ń tú bọ́ọ̀dù láìfi òjé ra ara wa. Ní ti àwọn 11 yẹn, ẹ bá wa kọ̀wé sí àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Orúkọ yunifásítì náà àti ọjọ́ tí wọ́n wá wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa; a ó mú un wá bí ẹ bá pè wá.

A tún ń tọrọ àyè kékeré lẹ́yìn ọjà, kí a lè da kọnkéré síbẹ̀, kí a kan páànù lé e, kí a fi àgádágodo sí i, kí òkú bọ́ọ̀dù àti bátìrì máa wà níbẹ̀ títí ẹni tó ní ìwé àṣẹ yóò fi wá kó wọn. Ilẹ̀ nìkan la tọrọ. Àwa la ó ra símẹ́ǹtì àti páànù, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì wà lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń ṣe ìpàdé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rán ẹnìkan sí wa, a ó fi àwọn òkú bọ́ọ̀dù náà hàn án, yóò sì rí àwọn ọmọ náà.

Àwa tiyín ní tòótọ́,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Akápò ẹgbẹ́