Ta ni yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe ní Kétu?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí àwa tí à ń ṣe ẹ̀rọ gàrí ní Òṣogbo lọ kọ́ ilé iṣẹ́ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, torí ọjà ń bẹ níbẹ̀. Ọjà ń bẹ lóòótọ́. Ta ni kò mọ gàrí Sávalù? Iná tiwọn náà, 50 Hz ni bíi tiwa, mọ́tò tó bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, mo kó ẹ̀rọ mẹ́rin tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún aṣojú kan lọ́hùn-ún, a sì jọ ṣe ìwé pé òun nìkan ni n ó máa kó o fún. Ó tà wọ́n tán wéré. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, eyín ìlù, ìyẹn páànù tí a fi ìṣó lu, tó ń yí láti lọ ẹ̀gẹ́, ti jẹ (omi ẹ̀gẹ́ kan, kì í fi irin sílẹ̀), bẹ́árìn ń han goooro, àwọn ìyá tó ra ẹ̀rọ sì ń pè é. Ó ní ọjà lòun ń tà, òun kì í ṣe mẹkáníìkì. Kí n tó fi ìṣó lu páànù tuntun tán, kí n tó dì í, oṣù kẹjọ ti dé, ìjọba ti ti ẹnubodè pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Páànù náà ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti dípẹtà.

Ọmọ Kétu kan, Kétu ti ilẹ̀ Benin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló yọ mí. Ó gba fíríìdọ̀mù, ó padà sílé. Òun ló ń jó férémù fúnra rẹ̀ níbẹ̀ báyìí, ìlù àti bẹ́árìn nìkan ni mò ń fi ránṣẹ́, owó ọkọ̀ sì já wálẹ̀. Yorùbá ló ń bá oníbàárà sọ, a ò wá ẹni tó máa kọ Faransé sára ẹ̀rọ. Sẹ́fà la fi ń dá iye lé e, torí owó Yúróò ni wọ́n so ó mọ́, kì í fò bíi náírà wa. Ní ti owó orí ẹrù, láti 1990 ni ECOWAS ti fi ọjà ilé iṣẹ́ kún èyí tí kò ní san án, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ yín sílẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀bùrú.

Òṣogbo kúkú ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí HMT, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Íńdíà, wọ Nàìjíríà, wọn ò kàn kó léètì (ẹ̀rọ tí à ń fi gé irin) sọ̀kalẹ̀ ní èbúté kí wọ́n máa lọ. Ní 1980, àwọn àti ìjọba àpapọ̀ jọ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ níhìn-ín. Ọwọ́ wọn ni ọ̀gá mi ti kọ́ léètì. Ibi tí ilé iṣẹ́ náà padà já sí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan, ní ilẹ̀ Benin náà, wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ó ku oṣù mẹ́fà kó gba fíríìdọ̀mù. Àwọn kan ti ń pè mí láti Ṣábẹ̀ẹ́ pé àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù dè é.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ irin kan,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.